Báǹkì ní bàbá wa ò tíì kú! Ìbí, ìgbéyàwó àti ikú n'Ísàlẹ̀ Èkó: àwọn wo ni wọ́n ń kà gan-an?

Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní báǹkì náà ò lè ju ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, kò sì fi ìwọ̀sí kankan sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn wo ẹ̀gbọ́n mi lójú, ó wo pósítà òkú tá a gbé síwájú ẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bàbá yín ò tíì kú." Ó ti tó oṣù mẹ́ta tá a ti sin bàbá nígbà yẹn. A ti ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, a ti pa màlúù, gbèsè aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́rùn wa. Pósítà bàbá wà lára ògiri láti ẹnu ọ̀nà ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó títí dé ojú títì, àwọn ọmọ àdúgbò tiẹ̀ ti fi bírò kun irùngbọ̀n sí i lẹ́nu. Síbẹ̀, báǹkì ní kò kú.

Ọdún 2019 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. N kò sọ ọ́ nítorí pé tiwa ṣàrà ọ̀tọ̀. Irú ẹ̀ pọ̀ bíi ilẹ̀ bíi ẹní láàárín ìlú, kò sí àgbàlá tẹ́ẹ máa wọ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó tẹ́ẹ ò ní í bá ẹni tó ti sáré kiri nítorí ìwé òkú tàbí ìwé ọjọ́ ìbí. Ìwé kan péré ni báǹkì ń bèèrè, ìwé tí ìjọba fi máa sọ pé òótọ́ ni, ọkùnrin yìí ti kú. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà kiri ni mo tó mọ̀ pé àwọn iye tí ìjọba máa ń kà sí wa létí, pé báyìí ni wọ́n bí, báyìí ló gbéyàwó, báyìí ló kú, ọ̀tọ̀ ni ohun tá a rò pé wọ́n ń kà, ọ̀tọ̀ pátápátá lohun tí wọ́n ń kà.

Kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé Yorùbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Orúkọ la fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá ń jẹ́ Abíọ́dún, ẹ ti mọ ìgbà tí wọ́n bí i. Ẹni tó bá ń jẹ́ Ìyábọ̀dé, ẹ ti mọ̀ pé ìyá àgbà kan ti lọ kó tó dé. Èyí tó máa ń dun èèyàn jù nínú wọn ni tàwọn àbíkú: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. N'Ísàlẹ̀ Èkó yìí náà, ọba kan jẹ láti 1845 sí 1851 tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́, bẹ́ẹ̀, ohun tí orúkọ yẹn ń sọ ò ju pé kò sí ọkọ́ tá a máa fi gbẹ́lẹ̀ mọ́ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ fọ́mọ rí nínú ilé yẹn. Ìwé wo ló tún fẹ́ sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àbùkù ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé orúkọ ò ṣe é rò pọ̀.

Àwọn òyìnbó ló fẹ́ rò ó pọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó, nígbà tó fi máa di 1863, wọ́n ti ṣòfin pé kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bí àtàwọn tó kú ní erékùṣù Èkó sílẹ̀. Ọdún méjì péré! Lọ́dún 1866, wọ́n ka orí àwọn tó ń gbé Èkó, ẹni 25,083 ni wọ́n bá. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó mọ ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà rárá ni wọ́n ti ń kọ ikú àti ìbí n'Ísàlẹ̀ Èkó. Tí ibì kan bá wà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wọn lára nílẹ̀ wa, ibẹ̀ ni.

Àmọ́ lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ òkú sílẹ̀ máa kọ́kọ́ bèèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni kóun lọ. Òfin tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1992, òfin kọkàndínláàádọ́rin ọdún náà, ní dandan ni kí wọ́n forúkọ gbogbo ọmọ àti gbogbo òkú sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ó sì fún ọmọ tuntun ní ọgọ́ta ọjọ́. Àjọ tó ń ṣètò ìkànìyàn, ìyẹn National Population Commission tí gbogbo èèyàn ń pè ní NPC, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa tọdún 1999, ẹ wo apá tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n forúkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ilé kan, láńlọ́ọ̀dù méjì! Bí wọ́n bá ti ní ìwé ìjọba ìbílẹ̀ lẹ gbé wá, ẹ lọ gba ti NPC, ọ̀rọ̀ ti di wá lónìí, wá lọ́la nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ọmọ ná. Ta ni ò mọ Island Maternity? Ibẹ̀ làwọn ọsibítù kéékèèké máa ń darí aboyún tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá le sí. Ẹ máa bá aláboyún Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa bá ti Bárígà, ẹ máa bá ẹni tó ti Ìkòròdú wá pẹ̀lú báàgì ọmọ lórí. Tí wọ́n bá bímọ tán tí wọ́n sì forúkọ ọmọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n máa kọ pé wọ́n ti bí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ti gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé, Ajégúnlẹ̀ ló máa ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ ló máa ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Tẹ́ẹ bá wá ń fi iye ọmọ tó wà nínú ìwé Ìsàlẹ̀ Èkó pín abẹ́rẹ́ àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń bá ṣètò. Ajégúnlẹ̀ tó ni wọ́n ń wò lójú.

Lódìkejì, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ni kì í dé ọsibítù rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí nínú àgbàlá ni wọ́n ń bí sí, àwọn mìíràn ń bí sílé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ìyá agbẹ̀bí mọ ọmọ tó gbà, ó tiẹ̀ lè sọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ tàbí tí iná lọ lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò séyìí tó kan àwọn tó ń kọ̀wé nínú ìyẹn. Ọjọ́ ìkómọ làwa mọ̀. Wọ́n á sọmọ lórúkọ mẹ́jọ, oyin àti ataare á kárí, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á na owó fún onílù, kò sì ní í sí ẹni tó máa rántí pé orúkọ kan yẹ kó wọ ìwé ìjọba.

Ìgbà wo wá ni wọ́n máa ń rántí? Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí wọ́n mú un wá ni. Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, torí látọdún 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣèdánwò wọn. Èyí tó wá ju gbogbo ẹ̀ lọ ni páásì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àwọn tó fẹ́ gbọ̀nà ìlú òyìnbó lọ, ìwé ọmọ wọn kì í pé ọjọ́ ọgbọ̀n kó tó délẹ̀. Torí náà, tí wọ́n bá sọ pé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ti gbéra, ẹ bá mi bèèrè bóyá ọmọ ló ń pọ̀ sí i tàbí àwọn tó fẹ́ sá lọ ló ń pọ̀ sí i. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú UNICEF lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn mẹ́tàlélógójì tó kù ń sáré kiri nínú àgbàlá, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n ń fọ́ gíláàsì fèrèsé onílé, ìjọba ò sì mọ̀ pé wọ́n dé ayé.

Ti ìgbéyàwó ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ lọ sí Ìkòyí ní ọjọ́ Valentine kẹ́ẹ rí nǹkan. Ilé ìgbéyàwó ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ máa ń kún bíi ọjà Bálógun, ìyàwó á tẹ̀ lé ìyàwó, ayàwòrán á máa já ayàwòrán sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń gbé Ìkòyí nínú wọn? Ọkọ ti Àgége wá, ìyàwó ti Fẹ́sítáàkì wá, àwọn kan tilẹ̀ ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá, wọ́n sì ti padà lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí wọ́n ń wá ò ju orúkọ Ìkòyí lórí ìwé lọ, torí wọ́n gbà pé òyìnbó tó wà ní ẹ́ńbásì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ka iye ìgbéyàwó Ìkòyí tó wá ní àwọn ará Ìkòyí fẹ́ràn àtimáa gbéyàwó, irọ́ ló pa.

Ní àdúgbò tiwa lọ́hùn-ún, wọ́n ń gbéyàwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alága ìjókòó á gbowó lọ́wọ́ ọkọ, àlùfáà á so yìgì, ìyàwó á wọlé ọkọ. Ìgbéyàwó pípé ni, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, àwọn ẹbí mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n ń pè ní ti kóòtù, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Obìnrin tó ti bí ọmọ márùn-ún fún ọkọ ẹ̀, tẹ́ẹ bá wo ìwé, ọmọge ni.

Ẹ má sọ pé ìwé ò já mọ́ nǹkan o. Ọdún 1884 ni òfin ìgbéyàwó bíi ti òyìnbó dé Èkó, kò sì pẹ́ tí ẹ̀jẹ́ ẹ̀ fi débi dúkìá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cole fẹ́ ìyàwó ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró, wọ́n wá ń gbé l'Ékòó, ọkọ kú lọ́dún 1897 láì kọ ìwé ìpíngún sílẹ̀. Àbúrò olóògbé dìde, ó ní ní ìlànà ilẹ̀ wa, òun lòun máa jogún ẹ̀. Ìyàwó ní rárá o, òun àti ọmọ tóun bí fún un ló ni ogún, ọmọ náà sì rèé, orí ẹ̀ ò pé. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, lọ́dún 1898 wọ́n dá ìyàwó àti ọmọ láre, nítorí irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Títí dòní làwọn lọ́yà ṣì ń pe orúkọ ẹjọ́ yẹn. Ẹ bá mi fi ìyàwó tí àlùfáà so yìgì fún láì gba ìwé kankan sí ipò obìnrin yẹn, kẹ́ẹ wá rò ó wò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ bàbá mi.

Ilé ni bàbá kú sí, ní ìdájí, orí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń sùn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ la ti sin ín bí ẹ̀sìn ṣe wí. Dókítà kankan ò rí i. Kò sí mọ́ṣúárì, kò sí ọsibítù, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ àtàwọn tó gbẹ́lẹ̀ nìkan ló rí i gbẹ̀yìn. Ohun tá a wá kọ sára pósítà ni "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Ìgbà tá a dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bèèrè ni pé àìsàn wo? Ẹ̀gbọ́n mi ní ránpẹ́. Ọkùnrin náà ní ránpẹ́ kì í ṣe àìsàn.

Ó tún bèèrè ọjọ́ orí. Wàhálà dé. Ohun tí ìyá bàbá mi sọ fún gbogbo wa ni pé ọdún tí ọ̀sán dòru lòun bí i, ìyẹn 1947, lóṣù karùn-ún, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ l'Ékòó, tí àwọn adìẹ wọlé sùn lọ́sàn-án gangan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Àwọn ẹbí ti kọ márùndínlọ́gọ́rin sára pósítà, torí wọ́n ní ó gbayì ju méjìléláàádọ́rin lọ. Ìwé iṣẹ́ ẹ̀ wá sọ pé 1952 ni wọ́n bí i, nítorí pé bàbá, bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ti dín ọjọ́ orí kù nígbà tó ń wáṣẹ́ kó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Báǹkì pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, 1952 ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, mo wo ojú ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin la ní kó kọ. Ohun tó wà nínú ìwé ìjọba títí dòní nìyẹn: ọdún márùn-ún ti jábọ́ lára bàbá mi, tí ọ̀mọ̀wé kan bá jókòó lọ́la láti ṣírò iye ọdún tí ọkùnrin ń lò láyé n'Ísàlẹ̀ Èkó, irọ́ tá a pa nítorí owó báǹkì wà níbẹ̀.

Ká tó rí ìwé ọ̀hún gbà, a lọ búra ní kóòtù, a gba lẹ́tà lọ́wọ́ lèmọ́mù, a gba rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn tó ni itẹ́ òkú, a tún fi nǹkan bọ́ ọwọ́ àwọn kan tí n kò ní í dárúkọ wọn. Oṣù márùn-ún ló gbà wá. Ẹni tí kò bá ní owó ní báǹkì, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò ní ilẹ̀ tó ń fa ìjà, kí ló fẹ́ wá irú ìyà bẹ́ẹ̀ lọ sí? Òkú ò gba páásì. Òkú ò lọ sílé ẹ̀kọ́. Òkú olówó nìkan ló ń wọ ìwé, òkú tálákà ń wọ ilẹ̀. Opó tó ń ta àkàrà tí ọkọ ẹ̀ ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò ní í yọjú sí ọ́fíìsì kankan láé.

Ewu ibẹ̀ ni pé tí ikú bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójijì, kò sẹ́ni tó máa tètè mọ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2020 tí àìsàn kòrónà wà nílẹ̀, ẹnu àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ni ariwo ti kọ́kọ́ jáde ní Kánò pé òkú ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé ìjọba kọ́ ló sọ ọ́.

Síbẹ̀, mi ò lè dá àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́bi tán tí wọn ò bá fẹ́ kí ìjọba ka òkú wọn. Wọ́n ti kà á rí. Láti 1924 títí wọ àwọn ọdún 1930, àrùn tí eku ń gbé kiri pa èèyàn l'Ékòó, iye àwọn tó pa lé ní 1,800, inú àgbàlá tó fún pọ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó ló sì ti pọ̀ jù. Ìjọba amúnisìn ka àwọn òkú náà dáadáa. Kí wá ni wọ́n fi iye náà ṣe? Lọ́dún 1928 wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú ṣe sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, ìgbìmọ̀ yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé, wọ́n ń gé ilẹ̀ ní Yábàá fún àwọn tí wọ́n lé kúrò. Nígbà tó di 1955, wọ́n tún dé láti wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ìyá bàbá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n tó bá ti rí ẹni tó mú pẹ́ńsù àti ìwé wọ àgbàlá, á ní kí gbogbo wa dákẹ́.

Ká tiẹ̀ gbà pé wọ́n ka gbogbo ọmọ àti gbogbo òkú, èèyàn mélòó ni wọ́n máa pín in sí? Ẹ wo ìkànìyàn ọdún 2006. NPC ní àwọn tó ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island jẹ́ 209,437. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ka tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní 859,849 ni. Àdúgbò kan náà, ọdún kan náà! Tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn bá kú níbẹ̀ lọ́dún kan, kẹ́ẹ máa wò ó pé àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe o, lójú NPC, àjàkálẹ̀ àrùn ti dé nìyẹn, lójú àwọn ará Alausa, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Látọdún 2006 yẹn náà la ò sì tíì ka ara wa mọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ kà lọ́dún 2023, wọ́n sún un síwájú. Nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Ààrẹ Tinubu ṣí ètò tuntun tí wọ́n á máa fi ẹ̀rọ kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà dáa. Àmọ́ ẹ̀rọ ò lè lọ sí àgbàlá wa lóru lọ bá ìyá agbẹ̀bí, kò sì lè kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ò sọ.

Ọjọ́ tá a gba owó bàbá ní báǹkì, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kí wa kú àṣẹ̀yìndè. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Oṣù kẹjọ tá a sin bàbá nìyẹn, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà lórúkọ báǹkì pé ó ti kú.

Àbúrò mi obìnrin bímọ ọkùnrin lọ́dún náà, lọ́sibítù kan lápá Ìkẹjà. Kí ọmọ náà tó pé oṣù kan ni ìwé ẹ̀ ti délẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó, ọkọ ẹ̀ ti ń wá ọ̀nà Kánádà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ò le fún yín láti mọ̀. Ìkẹjà ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti bí i.